Àpérò Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ àti Ìdàgbàsókè Òṣìṣẹ́ Tuntun ní Ilé Ìkàwé

Iṣẹ́ ilé ìkàwé wà lára àwọn iṣẹ́ tí ènìyàn kì í kọ́ tán ní ilé ẹ̀kọ́, nítorí pé ìlànà ni olùkọ́ lè fi lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ènìyàn ń lò nígbà tí ìlànà náà bá kọlu ìwé tí èèpo rẹ̀ ti ya, òǹkàwé tí kò rántí orúkọ òǹkọ̀wé, àti kọ̀ǹpútà tí iná mànàmáná kò jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ pẹ́, ọwọ́ àwọn tí wọ́n ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni ó wà. Ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé káàkiri ayé fi ń pín ọgbọ́n yìí láàrin ara wọn, láti nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn, ni àpérò, ìyẹn ni pé kí àwọn tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ kan náà ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fi ẹnu iṣẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n pàdé, kí wọ́n sì sọ ìṣòro àti àṣeyọrí wọn fún ara wọn. Fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ náà, irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ níye lórí ju bí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ṣe rò lọ. Àsọyé yìí yóò fi hàn pé ẹni tuntun gan-an ni ó yẹ kí wọ́n tètè rán lọ, àti pé ìbéèrè tí ó bá gbé kúrò lórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò pinnu ohun tí yóò gbé bọ̀.

Àwọn àpérò wọ̀nyí kò rí bákan náà. Àpérò ọlọ́dọọdún ni èyí tí ẹgbẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ń pè fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ka àpilẹ̀kọ, tí wọ́n ti ń gbọ́ ìròyìn owó àti ètò ẹgbẹ́, tí wọ́n sì máa ń dìbò yan olóyè nígbà tí àsìkò rẹ̀ bá tó. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àfọwọ́ṣe ni èyí tí ènìyàn díẹ̀ ti ń jókòó ti kọ̀ǹpútà tàbí ìwé, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ náà fúnra wọn lójú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ìpàdé ẹ̀ka sì ni ti àwọn tí wọ́n wà ní ìpínlẹ̀ kan náà, èyí tí owó ọkọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, tí ènìyàn sì lè lọ kí ó padà sílé lọ́jọ́ kan náà.

Ìtàn fi hàn pé àpérò kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ tí wọ́n fi kún iṣẹ́ ilé ìkàwé, nítorí pé òun gan-an ni ó sọ ọ́ di iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1876, ènìyàn 103, tí 13 nínú wọn jẹ́ obìnrin, péjọ sí ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti dá ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀. Lára àwọn tí wọ́n ṣe akitiyan kí àpérò yìí lè wáyé ni Melvil Dewey, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 24, tí ó tẹ ìlànà ìpín ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún yẹn kan náà, èyí tí ilé ìkàwé púpọ̀ ní Nàìjíríà ṣì ń lò títí di òní. Ó tọ́ kí àwọn tí wọ́n gbà pé àpérò jẹ́ ti àgbààgbà nìkan fi ọjọ́ orí yẹn sọ́kàn. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní 1877, àwọn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì péjọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì dá tiwọn sílẹ̀. Nígbà tí ó sì di 1927, ní ìlú Edinburgh, àwọn ẹgbẹ́ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ para pọ̀ dá àjọ àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IFLA sílẹ̀, èyí tí ń pe àpérò ńlá tirẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn.

Ìbàdàn ni orí ìtàn yìí tí ó kan ilẹ̀ Yorùbá jù lọ ti ṣẹlẹ̀. Láti òpin oṣù keje títí wọ inú oṣù kẹjọ ọdún 1953, UNESCO, àjọ àgbáyé tí ó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti àṣà, pe àpérò kan sí ìlú náà lórí bí ilé ìkàwé gbogboògbò, ìyẹn èyí tí ẹnikẹ́ni lára ará ìlú lè wọ̀ láti kàwé tàbí láti yá ìwé, ṣe lè gbèrú ní Áfíríkà. Àwọn tí wọ́n péjọ síbẹ̀ kò kàn sọ̀rọ̀ kí wọ́n sì túká. Ní 1954, wọ́n dá ẹgbẹ́ ilé ìkàwé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí John Harris, ọmọ orílẹ̀-èdè New Zealand tí ó ti ń ṣe alákòóso ilé ìkàwé Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn láti 1948, wà lára àwọn tí wọ́n dúró tì í gbágbágbá. UNESCO sì ran ìjọba Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà lọ́wọ́ láti fi ilé ìkàwé gbogboògbò tí ó wà ní Enugu ṣe àwòkọ́ṣe fún ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tí òmìnira dé, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo yẹn pín, ó sì di ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan: ní 1962 ni Nàìjíríà dá tirẹ̀ sílẹ̀, òun sì ni Ẹgbẹ́ Ilé Ìkàwé Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní NLA.

Ó yẹ kí olùgbọ́ kíyè sí bí àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣe tẹ̀lé ara wọn. Yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ṣe fún ìgbà kúkúrú ní Achimota, ní ilẹ̀ Gold Coast tí ó di Ghana lónìí, ní 1944, ẹni tí ó bá fẹ́ di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ilé ìkàwé ní Nàìjíríà nígbà náà gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò ẹgbẹ́ ilé ìkàwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bóyá kí ó wọkọ̀ lọ sí òkè òkun tàbí kí ó dá kẹ́kọ̀ọ́ nínú yàrá rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí ní Ìbàdàn, èyí tí owó àjọ Carnegie ti Amẹ́ríkà ṣe ìrànwọ́ fún, kò bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni títí di 1960. Èyí túmọ̀ sí pé àpérò ti kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ ní Ìbàdàn ní ọdún méje ṣáájú ilé ẹ̀kọ́, ara ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ sì fi ẹnu kò lé lórí láàrin ara wọn ni pé àwọn nílò ilé ẹ̀kọ́ tí yóò sún mọ́ ilé.

Láti inú ìtàn, ó tọ́ láti bọ́ sórí iṣẹ́ ojoojúmọ́, nítorí ibẹ̀ ni àǹfààní àpérò ti ń hàn gbangba. Kí wọ́n fi òṣìṣẹ́ tuntun kan sí ẹ̀ka kátálọ́ọ̀gì, ìyẹn ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ àkọsílẹ̀ tí òǹkàwé fi ń mọ ìwé tí ilé ìkàwé ní àti ibi tí ó wà lórí pẹpẹ, kí wọ́n sì gbé ìwé mẹ́ta síwájú rẹ̀: Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, tí ó jáde ní 1938. The Forest of a Thousand Daemons, ìtumọ̀ ìwé kan náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì láti ọwọ́ Wọlé Ṣóyínká, tí ó jáde ní 1968. Àti The Palm-Wine Drinkard tí Amos Tutùọlá fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ, tí ó jáde ní 1952. Ẹni tuntun tí ó ń wo èdè tí wọ́n fi tẹ ìwé yóò fẹ́ kó èyí tí ó wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì méjèèjì síbì kan náà, yóò sì fẹ́ dá ti Yorùbá yà sọ́tọ̀. Ìlànà Dewey kò gbà bẹ́ẹ̀. Èdè tí òǹkọ̀wé kọ́kọ́ fi kọ iṣẹ́ lítíréṣọ̀ ni ìlànà náà ń tẹ̀lé, kì í ṣe èdè tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí, nítorí náà ìwé Fágúnwà àti ìtumọ̀ Ṣóyínká yóò jọ wà ní 896.333, nọ́ńbà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún lítíréṣọ̀ Yorùbá, ìwé Tutùọlá yóò sì wà ní 823 láàrin ìtàn àròsọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé igbó àti iwin inú ìtàn Yorùbá ló kún inú rẹ̀. Orúkọ Fágúnwà ni yóò sì ṣíwájú nínú àkọsílẹ̀ ìtumọ̀ náà, tí ti Ṣóyínká yóò tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bí olùtúmọ̀.

Ẹni tí ó bá ní sùúrù yóò rí ìlànà yìí kà nínú ìwé. Ohun tí kò ní rí kà ni bí àwọn mìíràn ṣe ṣe é tí òǹkàwé tí ó ń wá gbogbo iṣẹ́ Ṣóyínká kò fi ní pàdánù ìtumọ̀ náà, àti ohun tí wọ́n máa ń sọ fún olùkọ́ tí ó bá bínú pé wọ́n ya Tutùọlá kúrò lọ́dọ̀ Fágúnwà. Ọ̀rọ̀ àmì ohùn tún ṣòro ju èyí lọ. Orúkọ òǹkọ̀wé kan náà lè wà pẹ̀lú àmì lára èèpo ìwé kan, kí ó sì wà láìní àmì lára òmíràn. Òǹkàwé tí ó ń wá ìwé lórí kọ̀ǹpútà kì í sì í sábà tẹ àmì kankan, nítorí pé kò sí bọ́tìnì rẹ̀ lójú kíbọọ̀dù. Lẹ́yìn èyí, kọ̀ǹpútà lè tọ́jú lẹ́tà tí ó ní àmì lábẹ́ àti lókè ní ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ, tí ojú ènìyàn yóò fi rí ọ̀rọ̀ méjì bí ọ̀kan náà, tí ẹ̀rọ yóò sì kà wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹni tí ó ṣètò rẹ̀ kò bá mójú tó o. Òṣìṣẹ́ tí ó bá dá kojú èyí ní ilé ìkàwé kan ní Adó-Èkìtì tàbí Òṣogbo lè rò pé ẹ̀rọ tirẹ̀ nìkan ni ó bàjẹ́, ó tilẹ̀ lè rò pé òun ni kò mọ iṣẹ́. Ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àfọwọ́ṣe, níbi tí àwọn tí wọ́n ń ṣe kátálọ́ọ̀gì ìwé Yorùbá ní Èkó, Ilé-Ifẹ̀ àti Ìbàdàn bá jókòó pọ̀, ìṣòro náà á kúrò ní àṣìṣe ẹnì kan, á sì di iṣẹ́ tí gbogbo wọn lè jọ ṣe, tí wọ́n lè fi ẹnu kò sí ìlànà kan lórí rẹ̀, tí wọ́n sì lè kọ ìwé sí àwọn tí wọ́n ṣe ètò kọ̀ǹpútà náà. Ìyípadà yìí ni ó jọ pé ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo ohun tí àpérò ń fún ẹni tuntun, nítorí pé ọ̀pọ̀ ń fi iṣẹ́ ilé ìkàwé sílẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n kórìíra rẹ̀, àfi pé ó rẹ̀ wọ́n láti máa dá ru ẹrù tí wọn kò mọ̀ pé ẹlòmíràn ń rù.

NLA ní ẹ̀ka kan fún kátálọ́ọ̀gì, ìpín ìwé àti ṣíṣe atọ́ka, èyí tí ó ń pe ìpàdé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ti ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ àti ti ilé ìkàwé òfin náà ní ibi tí wọ́n ti ń pàdé. Irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni ó tún ń mú ìmọ̀ ẹni bá ìgbà mu. Ìwé ìlànà kátálọ́ọ̀gì tí wọ́n ń pè ní AACR2, tí ẹ̀dà rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní 1978, ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá báyìí, ṣùgbọ́n ní 2010 ni ìlànà tuntun tí ó ń jẹ́ RDA jáde láti rọ́pò rẹ̀, tí àwọn tí wọ́n ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ sì ní láti tún un kọ́. Bákan náà ni Koha, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe kátálọ́ọ̀gì tí wọ́n sì fi ń ṣe àkọsílẹ̀ ìyáwèé, tí ilé ìkàwé kan ní New Zealand bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2000, ti tàn dé ọ̀pọ̀ yunifásítì Nàìjíríà, ẹni tí kò sì bá a pàdé ní ilé ẹ̀kọ́ lè bá a pàdé ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì, kí ó sì mọ ẹni tí yóò máa pè lórí fóònù nígbà tí ó bá kọ iṣẹ́.

Nípa yíyan ibi tí ènìyàn yóò lọ, ìmọ̀ràn tí ó dára jù fún ẹni tuntun ni pé kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìpàdé ẹ̀ka ìpínlẹ̀ rẹ̀ kí ó tó ronú kan ti orílẹ̀-èdè, kí ó sì ti mọ ti orílẹ̀-èdè dáadáa kí ó tó ronú kan ti IFLA tàbí ti AfLIA, àjọ àwọn ẹgbẹ́ ilé ìkàwé Áfíríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2013, tí ibùjókòó rẹ̀ sì wà ní Accra. Owó kọ́ ni ìdí pàtàkì tí ó fi yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó oṣù òṣìṣẹ́ tuntun kò lè gbé owó ìforúkọsílẹ̀, owó ọkọ̀ àti owó ilé ìtura pọ̀. Ìdí pàtàkì ni pé níbi tí ènìyàn kò ti pọ̀, ẹni tuntun kò lè fara pamọ́. Wọn yóò béèrè orúkọ rẹ̀, wọn yóò fún un ní iṣẹ́ kékeré ṣe, bí àpẹẹrẹ kí ó ṣe àkọsílẹ̀ ìpàdé tàbí kí ó gba orúkọ àwọn tí wọ́n wá sílẹ̀, inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn àgbà iṣẹ́ ti ń mọ ẹni tí wọ́n lè fọkàn tán.

Ìdènà kan wà tí ó jẹ́ ti ilé, tí kò sì yẹ kí wọ́n dákẹ́ lé lórí. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n tọ́ dáadáa mọ̀ pé kì í ṣe ibi gbogbo ni ọmọdé ti ń sọ̀rọ̀, nítorí náà òṣìṣẹ́ tuntun lè jókòó sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko láìla ẹnu, kí ó sì máa kí gbogbo ènìyàn ní “ẹ káàárọ̀ sà, ẹ káàárọ̀ mà,” títí wọn yóò fi túká. Ọ̀wọ̀ dára, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kọ́ ni ọ̀wọ̀. Àwọn àgbà fúnra wọn ni wọ́n sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ohun tí òǹkàwé ń béèrè ní ẹnu ọ̀nà ní àárọ̀ òní bí ẹni tí wọ́n fi sí ẹnu ọ̀nà náà. Ẹni tuntun tí ó bá dìde, tí ó kí alága àti gbogbo ìjókòó, tí ó sọ orúkọ rẹ̀ àti ilé ìkàwé tí ó ti wá, tí ó sì béèrè ìbéèrè kan tí kò gùn, kò ṣe àfojúdi sí ẹnikẹ́ni. Bí kò bá lè ṣe é ní gbangba, kí ó ṣe é ní àkókò oúnjẹ, nígbà tí ẹni tí ó ka àpilẹ̀kọ bá ń mu omi, kí ó sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ohun tí ẹ sọ nípa àmì ohùn yẹn, bí ó ṣe ń dà wá láàmú nìyẹn ní ọ̀dọ̀ wa náà.” Ìjíròrò tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè gùn ju àpilẹ̀kọ náà fúnra rẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, kò yẹ kí ẹrù yìí wà ní ọrùn ẹni tuntun nìkan. Láti 1931 ni ẹgbẹ́ ilé ìkàwé Amẹ́ríkà ti dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ inú iṣẹ́, èyí tí ó di ẹ̀ka àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tuntun lónìí, tí ó máa ń mú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ wá sí àpérò mọ bí nǹkan ṣe ń lọ kí ètò tó gbóná. IFLA náà ní ẹgbẹ́ kan tí ó wà fún àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tuntun. Ẹ̀ka ìpínlẹ̀ tí kò bá tíì ní irú rẹ̀ lè ṣe é láìná owó púpọ̀: kí wọ́n ya wákàtí kan sọ́tọ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n sì fa ẹni tuntun kọ̀ọ̀kan lé àgbà kan lọ́wọ́.

Lẹ́yìn tí ó bá ti lọ bí ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ó yẹ kí ẹni tuntun náà mú nǹkan tirẹ̀ wá. Oṣù díẹ̀ ṣáájú àpérò ni wọ́n máa ń pe àwọn tí ó bá ní ohun tí wọ́n fẹ́ sọ pé kí wọ́n fi àkékúrú ránṣẹ́, ìyẹn ìpínrọ̀ kan tàbí méjì tí ó sọ kókó iṣẹ́ náà, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é àti ohun tí wọ́n rí. Níbi tí wọ́n bá ti ń gba pátákó àfihàn, èyí tí ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ń dúró tì tí ó ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tí ń kọjá, ibẹ̀ ni ó dára jù láti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹ̀rù rẹ̀ kò tó ti orí pèpéle. Iṣẹ́ náà kò ní láti tóbi. Ẹni tí ó bá ka iye ìwé Yorùbá tí ilé ìkàwé rẹ̀ ní, tí ó sì wò ó bóyá òǹkàwé lè rí wọn lórí kọ̀ǹpútà nígbà tí kò bá tẹ àmì, ti ní ohun tí gbogbo gbọ̀ngàn yóò fẹ́ gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí náà kò ṣeé fò. Òfin kejìlá ọdún 1995 ni ó dá ìgbìmọ̀ LRCN sílẹ̀, èyí tí ó ń fi orúkọ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ilé ìkàwé sílẹ̀ ní Nàìjíríà, tí ó ń ṣe ayẹyẹ ìgbàwọlé níbi tí àwọn tuntun ti ń búra, tí ó sì ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ètò yìí dára, nítorí pé ó jẹ́ kí ìlú mọ ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tí kò kọ́ ọ. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tí ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ bá ń wo iye ìwé ẹ̀rí tí ènìyàn kó jọ, àwọn kan á wá, wọ́n á gba báàgì, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì ti padà sílé kí ọjọ́ kejì tó là. Ẹni tuntun tí ó bá kọ́ àṣà yìí lára àgbà ti pàdánù ohun tí kò ní rí rà lọ́jọ́ iwájú.

Láti ọdún àrùn kòrónà, ọ̀pọ̀ àpérò ti bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti IFLA ní 2021 kò tilẹ̀ wáyé níbòmíràn. Èyí ti ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tí kò lè rí owó ọkọ̀ òfurufú, ó sì yẹ kí ẹni tuntun lò ó níwọ̀n ìgbà tí dátà àti iná bá gbà á láyè, ṣùgbọ́n ìjíròrò àkókò oúnjẹ kò sí níbẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ àdánù ńlá fún ẹni tí kò tíì mọ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ó kù wà lọ́wọ́ àwọn alákòóso. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ọ̀gá ni ó ń lọ sí àpérò ní ọdọọdún, nígbà tí ẹni tí ó ń jókòó sí tábìlì ìyáwèé àti ẹni tí ó ń to ìwé sórí pẹpẹ, tí wọn kò ní oyè yunifásítì rárá ní ìgbà mìíràn, kò tíì lọ rí. Alákòóso tí ó bá fẹ́ tún èyí ṣe lè lẹ àkọsílẹ̀ kan mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì, kí orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n rán olúkúlùkù lọ gbẹ̀yìn, ìbéèrè tí ó gbé lọ, àti ohun kan tí ó yí padà nínú iṣẹ́ lẹ́yìn tí ó dé. Kí ó sì yọ̀ǹda ìdajì wákàtí fún ẹni tí ó bá dé láti kọ́ àwọn yòókù ní ohun tí ó kọ́, kí wọ́n jọ dán an wò lórí ìwé tí ó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí owó àpérò tí ó kàn bá jáde, ẹni tí àlàfo wà níwájú orúkọ rẹ̀ ni kí wọ́n fún.